Orúkọ Ìyá Mi Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Pè

Ẹ má wò mí bí mo bá ń dìde tí mo tún ń jókòó. Bí ara mi ṣe rí nìyẹn. Tọ́lá, ọmọ-ọmọ mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Thamesmead, ní London níbí, máa ń sọ pé àga tí òun rà fún mi kò tíì gbóná rí, torí kí ìdí mi tó balẹ̀ lórí rẹ̀, mo ti dé ojú fèrèsé, mo ń wo àwọn ẹyẹ ńlá tó ń jẹko létí adágún. Ṣé ẹ rí i? Mo tún ti dìde. Ẹ jẹ́ kí n máa rìn kí n máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ẹ ní kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà tiwa. Mo lè sọ ti odò tí a ti ń pọnmi, tàbí ti iṣu tí à ń sun jẹ lóko, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kí n tó pe orúkọ ìyá mi jáde lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́. Gertrude ni orúkọ náà. Gátírúùdù ni kátíkíìsì wa máa ń pè é. Bí mo ṣe wí i tán yìí, àyà mi ṣì já díẹ̀, bí ẹni pé ìyá mi máa yọ láti kíṣìnnì, kó bi mí pé ta ni mò ń pè bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé a kórìíra orúkọ. Orúkọ pọ̀ nílé wa ní Èkìtì ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọ̀nà tí à ń gbà pè é ló yàtọ̀. Ọmọ kì í lanu pe orúkọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ kí òun tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kí ló máa wá pè wọ́n? Á wo ojú wọn, á fún wọn ní orúkọ tiẹ̀. Ìyá mi pe àbúrò bàbá mi kan ní Eyínfúnjowó. Ó pe èkejì ní Akọ̀wé, nítorí pé ó máa ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Ọmọbìnrin kékeré kan wà tí ẹkún rẹ̀ kì í jẹ́ kí ará ilé sinmi, ìyẹn ló pè ní Olóhùn-Iyọ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, Olóhùn-Iyọ̀ náà ló ń jẹ́ títí ó fi kú, gbogbo àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Láàárọ̀, bí àwọn ìyàwó bá ń kúnlẹ̀ kí ará ilé, àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ẹ máa gbọ́ láti yàrá kan dé èkejì, gbogbo ilé á kàn máa dún.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìyá Délé ni, torí ẹ̀gbọ́n mi Délé ni àkọ́bí rẹ̀. Ìyàwó ni fún ìyá ọkọ rẹ̀ títí ìyẹn fi dákẹ́. Àṣàkẹ́ ni fún ìyá tó bí i. Gátírúùdù wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, bí aṣọ tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé-ìwé, tíṣà bi mí ní orúkọ ìyá mi. Mo ní, "Ìyá mi." Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè é?" Mo ní, "Ìyá Délé." Ó ní orúkọ rẹ̀ gan-an lòun ń bèèrè. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ ẹkún ni mo bú sí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Délé láti kíláàsì tirẹ̀. Délé dé, ó ń fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀. Ọmọ aládùúgbò kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà wá. Ìyá tiwa kì í ṣe ìyá tirẹ̀, nítorí náà ó rọra sọ ọ́ sí tíṣà létí, àwa méjèèjì sì di etí wa. Lónìí, mo ń gbọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń pe ìyá rẹ̀ ní Sandra lórí àtẹ̀gùn ilé wa níbí. Sandra á sì dáhùn pé, "Yes, darling." Mi ò bínú sí wọn o. Ara mi ló kàn máa ń bù máṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nítòsí pápá Woolwich Common níbí, àwọn ṣọ́jà máa ń da ẹṣin gba títì láàárọ̀. Irin ẹsẹ̀ ẹṣin á máa lu ojú títì, kò, kò, kò, ọkàn mi á sì fò lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, torí alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí ìyá mi. Mo bá a láyé. Ẹwìrì rẹ̀ á máa mí fùù, fùù, ọmọ owú á máa bọ́ lórí irin gbígbóná, àwa ọmọdé á sì máa sá fún ẹ̀ta iná. Àwọn obìnrin ilé ló ń ru èédú wá. Ọkọ́ ló ń rọ fún àgbẹ̀, ọ̀bẹ fún àwọn obìnrin, ọ̀kọ̀ fún àwọn ọdẹ. Bí ọdún Ògún bá ti ń sún mọ́lé, iná kì í kú níbẹ̀, tajá tẹran á sì máa fi ìrù sábẹ́ itan, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀bẹ lónìí, á tẹ fóònù, wọ́n á gbé e wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló gbọ́ ohùn irin rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́?

Bàbá yìí ló sọ ìyá mi ní Ògúnbùnmi. Nígbà tí ìyá mi ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó wọ kíláàsì ìrìbọmi. Kátíkíìsì ní orúkọ tí Ògún wà nínú rẹ̀ kò lè bá a dé ibi omi náà. Ìyàwó òyìnbó ajíhìnrere kan tó wá bẹ ìjọ wò ló yan Gertrude fún un. Wọ́n ní orúkọ ìyá tirẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìbọmi náà gan-an, èédú tán nílé àgbẹ̀dẹ. Bàbá rẹ̀ rán an, kò sì lè ní òun ò lọ. Ó sáré rù ú dé, ó fi omi ṣanwọ́ wéréwéré, ó wọ aṣọ funfun, ó ń sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ yẹn náà ló sì fi ń gbé etí aṣọ sókè kó má baà wọ́lẹ̀. Kó tó dé iwájú, àmì ìka dúdú ti wà lára aṣọ funfun láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣáà ṣe ìrìbọmi fún un, ó di Gátírúùdù. Nígbà tó délé, ó sọ orúkọ tuntun náà fún bàbá rẹ̀. Bàbá kò gbójú sókè lórí ọ̀kọ̀ tó ń rọ. Ó ní, "Kí wọ́n pè ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Wá fínná fún mi."

Ẹ̀rín ni ìyá mi máa ń fi sọ ìtàn yìí. Àmọ́ ọjọ́ tí a sin ín, pásítọ̀ dìde, ó ní arábìnrin wa Gertrude ti sùn nínú Olúwa. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà láti ìgbà èwe, tí wọn kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wo ara wọn lójú. Ọ̀kan fi ìgúnpá tọ́ mi, ó ní, "Ṣé òkú méjì la fẹ́ sin lónìí ni?" Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó dùn mí. Ìyá mi gbé orúkọ kan láti kékeré dé sàréè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ì bá ti parí síbẹ̀ ká ní mi ò wá sí London. Mo wá, ẹsẹ̀ mi ṣì le nígbà yẹn, jíjókòó lásán sì ń dá mi lágara. Láàárín àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 2010, mo gba iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Mánéjà wa, Ṣadé, ọmọ Ìbàdàn tó lè jẹ́ ọmọ mi, mú mi wọ yàrá kan tó kọjú sí títì. Ìyá òyìnbó kan wà lórí àga, ara rẹ̀ rọ̀, irun rẹ̀ funfun báláú. Ṣadé ní, "Mummy, this is Gertrude." Orúnkún mi ló ṣáájú mi. Mo kúnlẹ̀ gbì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ṣadé rò pé mo ṣubú, ó sáré fà mí dìde.

Wọ́n ti kọ́ wa pé orúkọ àkọ́kọ́ ni ká máa pe gbogbo wọn, wọ́n ní ìyẹn ni ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀! Mo pe Mary, mo pe John, ó ń nira fún mi àmọ́ mo pè wọ́n. Ti ìyá yìí kò ṣeé ṣe. Mama ni mò ń pè é. Ṣadé pè mí sí ọ́fíìsì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́ ma, wọ́n ti complain. Gertrude ni name ẹ̀. First name ni policy wa, ẹ kàn máa pè é bẹ́ẹ̀."

"Ṣadé, ṣé o lè pe màmá ẹ lórúkọ?"

"Ah, Mummy, that one is different now."

"Kò different. Orúkọ màmá mi nìyẹn."

Ṣadé mí kanlẹ̀. "Okay ma. Ẹ máa pè é ní Mama. Àmọ́ tí inspector bá wá, I beg you, ẹ má pè é ní nǹkankan."

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló bi mí lọ́jọ́ kan tí mò ń ya irun rẹ̀, tí àwọn ẹṣin ń kọjá lábẹ́ fèrèsé. Ó ní kí ló dé tí n kì í pe orúkọ òun, ṣé kò dùn lẹ́nu ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó wá sọ fún mi pé ìyá-ìyá òun ló fún òun lórúkọ náà, pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ìgbà láéláé ló ti wá, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbọ́ orúkọ Jésù rárá. Ọ̀kọ̀ ni apá kan rẹ̀, agbára ni apá kejì. Ó ní nígbà tó yá, àwọn obìnrin mímọ́ jẹ́ ẹ, ó sì di orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bàbá òun ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ńláńlá létí odò ní Woolwich, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i pé ọmọ òun ń jẹ́ ọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, mo jókòó. Mo jókòó pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. Wọ́n gba Ògún lọ́wọ́ ìyá mi létí omi, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́. Kátíkíìsì kò mọ̀. Òyìnbó tó yàn án kò mọ̀. Bàbá àgbà tó ń rọ ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ròyìn orúkọ tuntun fún un, òun náà kò mọ̀.

Ìyá òyìnbó náà ní nígbà tí òun wà nílé-ìwé, àwọn tó ń jẹ́ Gertrude kì í ṣọ̀wọ́n. Ó ní ní báyìí òun kì í gbọ́ ọ mọ́ àfi bí wọ́n bá ń pe òun. Ó kú nígbà òtútù. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti lélẹ̀ mọ́. Orúkọ náà ti kú ní Èkìtì, ó tún ń kú ní Woolwich lójú mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí ọmọbìnrin kan bá tún délé wa, òun ló máa jẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ àpótí bíi ti ìyá mi. Mo fẹ́ kí ẹnu máa pè é.

Kí n tó gbàgbé, èmi náà kì í dáhùn sí orúkọ. Tọ́lá mú mi lọ sí ọsibítù kan, ó fi mí síbẹ̀, ó lọ wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí. Wọ́n ń pe orúkọ tó wà nínú páàsípọ́ọ̀tù mi, èmi jókòó, mò ń káàánú ẹni tí wọ́n ń pè tí kò dáhùn. Gbogbo èrò wọlé, wọ́n jáde, ó ku èmi nìkan. Tọ́lá padà dé, ó gbaná jẹ.

"Grandma! They've been calling you! O kàn jókòó síbẹ̀!"

"Ta ni o ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ẹ?"

"Ẹ. Ẹ kàn jókòó. Sorry."

Mo ní láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ta ló tún pè mí bẹ́ẹ̀ rí? Màmá ni mò ń jẹ́, Ìyá Fẹ́mi ni mò ń jẹ́, Mummy Thamesmead ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Tọ́lá wá lóyún, ikùn rẹ̀ kò tíì yọ dáadáa tí wọ́n fi mọ̀ pé obìnrin ni. Nígbà tiwa, ta ló jẹ́ mọ̀ kí ọmọ tó kígbe? Mi ò lè dúró. Inú kíṣìnnì ni mo ká a mọ́ pẹ̀lú Kúnlé ọkọ rẹ̀, ọmọ Èkó tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà-kíkan kan ní Belvedere. Mo sọ orúkọ tí mo fẹ́, pé ti ìyá mi ni. Mi ò tiẹ̀ lè pè é jáde nígbà náà. Mo ní kí wọ́n wò ó lẹ́yìn fọ́tò ìyá mi tó wà lára ògiri, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tọ́lá lọ wò ó.

"Gertrude? Grandma, ẹ serious? Wọ́n máa bully ẹ̀ ní school o!"

Kúnlé ní, "Grandma, ẹ jọ̀ọ́ ma, kí ni meaning ẹ̀? A ò kì í sọ ọmọ ní orúkọ tí a ò mọ meaning ẹ̀."

"Agbára ọ̀kọ̀."

"Ọ̀kọ̀ bíi ti spear? Ah. Ma, that one na warfare o."

"Kúnlé, gbogbo Friday lẹ̀ ń lọ jagun ní Belvedere, ẹ̀ ń pariwo, ẹ̀ ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ṣé ọwọ́ lásán lẹ fi ń jà ni?"

Kúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Tọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fọ ife kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "We'll think about it." Mo ti pẹ́ nílùú yìí tó láti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá nìyẹn. Mo lọ dúró sójú fèrèsé mi.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ náà, èèyàn kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tiwa, wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kó lè kán sí i lára, bó bá sì kígbe, gbogbo agbo á dáhùn, ayọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Níbí, ta ló máa gun òrùlé fúláàtì? Oyin ni wọ́n fi tọ́ ọ lẹ́nu, àti iyọ̀ díẹ̀. Pásítọ̀ ka orúkọ tí àwọn òbí mú wá, mò ń tẹ́tí, kò sí ti ìyá mi níbẹ̀. Ó wá ní kí ìyá àgbà mú orúkọ tirẹ̀ wá.

Mo dìde. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo ní nínú ọkàn mi pé, "Ìyá mi, ẹ foríjì mí, mo fẹ́ pè yín." Mo wá pè é. "Gertrude." Ohùn mi kò ròkè, àmọ́ pásítọ̀ gbọ́. Ó ní, "Everybody, ẹ pè é!" Gbogbo ilé pè é, àgbà, ọmọdé, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, àwọn ọmọ tó wà lórí àtẹ̀gùn pè é. Orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyá mi kò mọ̀ létí sàréè, ó ń dún nínú fúláàtì ní Thamesmead. Mo sunkún, mi ò sì fi pamọ́.

Àmọ́ èrò túká, wọ́n fọ abọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà sì tún ń jẹ mí lọ́kàn. Orúkọ tí ọmọ gbà lọ́jọ́ ìkómọ máa ń pọ̀, ọ̀kan ni ẹnu máa ń mú. Tọ́lá ń pè é ní Princess. Kúnlé ń pè é ní My Testimony. Nígbà tí wọ́n lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, èmi náà kò bèèrè. Mo ń bẹ̀rù ìdáhùn. Mo ń ká aṣọ ọmọ, mo ń tú u, mo tún ń ká a. Èmi ní tèmi, mi ò lè pè é ní nǹkan kan ju Ìyá mi lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kan ní Woolwich. Tọ́lá tún lọ wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí. Èmi àti ọmọ jókòó láàárín èrò, ó ń sùn ní àyà mi. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pariwo:

"Gertrude?"

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Irú ọmọ wo lèyí, tó ń pe ìyá mi lórúkọ lójú gbogbo èrò? Mo yíjú wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá arúgbó òyìnbó tó máa dìde. Kò sí arúgbó kankan níbẹ̀ ju èmi lọ. Nọ́ọ̀sì tún pè é, ó ń wo ojú gbogbo wa. Tọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí mi níbi tí mo jókòó sí, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Grandma," ó ní, "àwa ni wọ́n ń pè. Ẹ dìde."

Mo gbé ìyá mi mọ́ àyà, mo dìde, mo sì dáhùn.